Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Sì Wọ́: Ìbàjẹ́ Agbára Nínú Animal Farm ti George Orwell

Nínú àwọn ìwé tí ó fi ìtàn ẹranko ṣe àkàwé ìṣèlú, bóyá ni a lè rí èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ tó Animal Farm. George Orwell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Eric Arthur Blair, ni ó kọ ọ́. Ọdún 1945 ni a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìtàn náà kò gùn, èdè rẹ̀ kò sì díjú. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ṣe rò pé àwọn ti lóye rẹ̀ tán ní kété tí wọ́n bá ti mọ ẹni tí ẹranko kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ṣùgbọ́n mímọ ẹni tí ó wà lábẹ́ agọ̀ kọ́ ni gbígbọ́ ohun tí egúngún wí.

Àwọn ẹran ọ̀sìn inú oko Ọ̀gbẹ́ni Jones ni ó dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá wọn, ọ̀mùtí tí ó gbàgbé láti fún wọn ní oúnjẹ. Wọ́n lé e jáde, wọ́n sì kọ òfin méje sára ògiri abà, èyí tí ó sọ gbogbo wọn di ọgbọọgba. Àwọn ẹlẹ́dẹ̀, tí ó gbọ́n ju àwọn yòókù lọ, ni ó gba ìṣàkóso. Láìpẹ́, Napoleon fi ajá mẹ́sàn-án tí ó ti tọ́ dàgbà ní ìkọ̀kọ̀ lé Snowball, ẹlẹ́dẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, kúrò lóko. Láti ìgbà náà ni òun nìkan ti ń pàṣẹ. Kí ìtàn tó parí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, wọ́n sì ti ń bá àwọn ènìyàn mutí lórí tábìlì kan náà.

Kò sí àní-àní pé Rọ́ṣíà ni Orwell ń bá wí. Stalin ni Napoleon. Trotsky, tí a lé kúrò ní ilẹ̀ náà ní ọdún 1929, ni Snowball. Àwọn ẹranko tí ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá, tí ajá sì pa lójú ẹsẹ̀, ń rán wa létí ìgbẹ́jọ́ Moscow láàrin ọdún 1936 sí 1938. Orwell ti jagun ní Sípéènì, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i ní ọdún 1937 bí àwọn ọmọlẹ́yìn Stalin ti ń dọdẹ àwọn tí wọ́n jọ wà ní ìhà kan náà. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ìwé náà ní nìyí, ì bá ti kú ní ọdún 1991 tí ìjọba Soviet tú ká. Kò kú. Ó yẹ kí a wá ìdí rẹ̀.

Ibo gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́ nínú oko yìí? Ọ̀pọ̀ yóò nawọ́ sí ọjọ́ tí ajá Napoleon kọ́kọ́ gbó. Orwell fúnra rẹ̀ nawọ́ sí ọjọ́ tí ó ṣáájú èyí. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí Dwight Macdonald, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ní ọdún 1946, ó fi hàn pé ọ̀ràn wàrà àti èso ápù ni oríta ìtàn náà. Ní ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun, wọ́n fún wàrà kún garawa márùn-ún. Nígbà tí àwọn ẹranko fi ti oko ìkórè dé, wàrà ti pòórá. Ẹ̀yìn náà ni a gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́, àti pé tiwọn ni èso ápù pẹ̀lú. Squealer, agbẹnusọ wọn, ṣàlàyé pé iṣẹ́ ọpọlọ ni ó fà á, àti pé bí wọn kò bá jẹ ẹ́, Jones yóò padà wá. A kò na ẹnikẹ́ni, a kò sì pa ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ dídùn nìkan ni a fi gba wàrà lọ. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Nínú oko yìí, ẹnikẹ́ni kò mú àdá.

Níhìn-ín ni a ti lè dáhùn àríyànjiyàn kan tí ó ti pẹ́. Ní ọdún 1944, T. S. Eliot, akéwì ńlá nì, kọ̀wé sí Orwell pé ilé ìtẹ̀wé Faber and Faber kò ní lè tẹ ìwé náà. Lára ohun tí ó wí ni pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni ó gbọ́n jù, àwọn ni ó sì yẹ kí ó ṣàkóso. Ẹnìkan lè sọ pé ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ní ire ìlú lọ́kàn ni oko náà ṣe aláìní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gba irú èrò yìí gbọ́ títí di òní: ẹ ṣáà wá ẹni rere, kí ẹ gbé e gorí oyè. Ṣùgbọ́n wàrà ti tako Eliot. Snowball ni ó dá kíláàsì ìwé kíkà sílẹ̀. Òun ni ọta ìbọn bà lẹ́yìn nígbà tí ó ń gbèjà oko. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan wàrà àti ápù, òun àti Napoleon fi ohùn ṣọ̀kan. Inú rere aláṣẹ kò tó láti ṣọ́ àṣẹ.

Ta ni ì bá wá ṣọ́ ọ? Ìwé ni Orwell fi dán àwọn ẹranko wò. Àwọn àgùntàn àti adìẹ kò kọjá lẹ́tà kìn-ín-ní. Boxer, akọ ẹṣin alágbára, kò kọjá ẹ̀kẹrin. Clover, abo ẹṣin, mọ gbogbo ábídí, ṣùgbọ́n kò lè so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀. Benjamin, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó dàgbà jù lóko, mọ̀wé kà bí ẹlẹ́dẹ̀ èyíkéyìí, ṣùgbọ́n kì í kà á, nítorí pé lójú tirẹ̀ kò sí ohun tí ó yẹ ní kíkà. Lẹ́yìn tí a pa àwọn ẹranko, Clover bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka òfin kẹfà fún òun. Benjamin kọ̀, ó ní òun kì í dá sí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Muriel, ewúrẹ́, ni ó kà á; òfin tí ó ka pípa léèwọ̀ pátápátá ti wá gba pípa láàyè bí ìdí bá wà. Nígbà tí a bá Squealer nílẹ̀ lóru ní ẹsẹ̀ ògiri, tí àkàsọ̀ ṣẹ́, tí ọ̀dà sì dà sílẹ̀, Benjamin nìkan ni ó mi orí bí ẹni tí ọ̀ràn náà yé. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ti oko yìí wà lọ́jà, ó sì ń wò ó.

Àwọn alámèyítọ́ kan ka ìdákẹ́jẹ́ Benjamin sí ọgbọ́n; àwọn mìíràn tilẹ̀ rí Orwell fúnra rẹ̀ nínú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Lóòótọ́, Benjamin kò gba irọ́ kankan gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò jẹ́ kí ó fi èyí yangàn. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ wá gbé Boxer, ọ̀rẹ́ rẹ̀, Benjamin sáré, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí i ṣe rí. Ó ké, ó sì ka ohun tí a kọ sára ọkọ̀ náà, pé ti apẹṣin ni. Ọkọ̀ ti gbéra. Ìpá Boxer kò tó láti já ilẹ̀kùn mọ́. Lẹ́yìn èyí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rí owó ra ọtí wisikí.

Ó ní ibi tí ìwé náà kù sí. Orwell sọ àwọn ẹranko yòókù di òpè jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé mẹ̀kúnnù kò lè ronú. Èyí gan-an ni ó fún Eliot ní ibi ìfẹsẹ̀tẹ̀. Òǹkàwé tí a fi àlọ́ Ìjàpá tọ́ dàgbà yóò tún kíyèsí àìsí ìdájọ́. Nínú ọ̀pọ̀ àlọ́, ẹnìkan a máa ṣọ́ Ìjàpá, àṣírí a sì tú lójú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tí ó tú ti Napoleon. Ṣùgbọ́n a kò lè ka èyí sí àbùkù: ẹni tí ì bá ké gbàjarè wà níbẹ̀, ó panu mọ́.

Ní ìgbẹ̀yìn, Clover, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, tún bẹ Benjamin pé kí ó ka ògiri fún òun. Ó gbà lọ́tẹ̀ yìí. Òfin kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí ó sọ ìdọ́gba di ẹ̀tọ́ àwọn kan ju àwọn kan lọ. Ó kà á láìṣì kan. Òfin mẹ́fà ti parẹ́ kí ó tó la ẹnu.