Ìlà Pupa Lábẹ́ Ọ̀rọ̀ Wa: Àríwísí Lórí Yíyan Ètò Àtúnkà

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni òǹkọ̀wé rí. Ẹni tó kọ ìwé ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, nítorí náà ohun tó fẹ́ sọ ni ojú rẹ̀ ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Ìdí nìyí tí àwọn tó ṣáájú wa fi máa ń gbé ìwé wọn fún ẹlòmíràn kà kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Lónìí, ẹ̀rọ ti gba apá kan nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn náà. Correcteur ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń pè é. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ètò àtúnkà ni èmi yóò máa pè é. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ní kíláàsì kò ju ọ̀kan lọ: "Ọ̀gá, èwo ló dára jù?"

Fún ọdún mélòó kan, orúkọ ètò kan tàbí òmíràn ni mo máa ń fi dá wọn lóhùn. Ní báyìí, mo gbà pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: kí ni ètò náà kà sí àṣìṣe? Gbogbo ètò àtúnkà ló jẹ́ alárìíwísí. Ó ní èrò nípa èdè, nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́, kódà bí kò bá sọ èrò náà fún wa. Ẹni tó bá yàn án láìwádìí èrò rẹ̀ dà bí ẹni tó fi ọkọ́ lé àlejò lọ́wọ́ pé kó wá ro oko òun, láìbéèrè bóyá àlejò náà mọ àgbàdo yàtọ̀ sí koríko.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló là mí lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, níhìn-ín ní Kétu, kọ àròkọ ní èdè Faransé lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe ládùúgbò rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ dáadáa. Ó sọ ti àwọn èrò tó pé jọ, ti ìlù, ti Ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lóru láti kọrin, láti ṣe àwàdà, láti bá ìlú wí. Nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó kọ orúkọ náà bí ó ṣe lè rí i tẹ̀: « Efè sort la nuit ». Ètò àtúnkà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, ó sì dábàá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọ náà gbà. Ohun tí mo kà lọ́jọ́ kejì ni: « L'effet sort la nuit ». Gírámà rẹ̀ pé. Kò sí ìlà pupa kankan níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ ti lọ.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà ló ní kò tọ́, Ọ̀gá." Bàbá àgbà ọmọ yìí wà lára àwọn tó ń lé orin Ẹ̀fẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí kan náà ni UNESCO kéde ní 2001, tí ó sì wọ inú àkójọ ogún àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2008 lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ayé ti mọ orúkọ náà. Ọmọ tó ni ín ló pa á rẹ́ nítorí ìlà kan tí ẹ̀rọ fà.

Ó yẹ kí á mọ ohun tí ìlà náà ń sọ. Iṣẹ́ méjì ni ètò àtúnkà máa ń ṣe. Èkíní ni àyẹ̀wò àkọtọ́: ẹ̀rọ ní àtòjọ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí a tẹ̀ bóyá ó wà nínú àtòjọ náà. Báyìí ni Hunspell ṣe ń ṣiṣẹ́, èyí tí László Németh ṣe fún èdè Họ́ńgárì ní àkọ́kọ́, tó sì wà nínú LibreOffice àti Firefox lónìí. Èkejì ni àyẹ̀wò gírámà: ẹ̀rọ ń fi òfin wo bí àwọn ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Nítorí náà, ìlà pupa kò sọ pé "ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́." Ohun tó ń sọ ni pé "ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi." Ìyàtọ̀ tó wà láàrin gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì.

Ohun kejì tó yẹ kí á mọ̀ ni pé ibi tí àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí nínú Faransé kọ́ ló ń sá sí nínú Yorùbá. Faransé máa ń kọ ohun tí etí kò gbọ́. Parle, parles, parlent: bákan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dún lẹ́nu, ojú nìkan ló mọ ìyàtọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni « ou » àti « où ». Bẹ́ẹ̀ náà ni « les histoires que ma grand-mère m'a racontées »: ẹni tó bá kọ « raconté » síbẹ̀, kò sí bí ó ṣe kà á sókè tó tí etí yóò fi mú un. Ibí yìí ni ètò àtúnkà ti wúlò gan-an, nítorí ojú ni ẹ̀rọ ń fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe etí.

Òdìkejì rẹ̀ ni Yorùbá. Ohun tí etí ń gbọ́ kedere ni ọwọ́ wa máa ń gbàgbé láti kọ. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: èkíní ń gbé pẹ̀lú ìyàwó, a fi èkejì roko, a wọ ẹ̀kẹta lọ sí Kútọnu, àwọn ológun ayé àtijọ́ gbé ẹ̀kẹrin lọ́wọ́. Bí mo bá kọ "Ìyá mi ra ọkọ" nígbà tó jẹ́ pé ọkọ́ ni ó rà, ètò tó ní àtòjọ Yorùbá lọ́wọ́ kò ní rí àṣìṣe kankan, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni "ọkọ". Bẹ́ẹ̀ ni "O ti lọ" àti "Ó ti lọ": àmì kékeré kan ló yà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó lọ yàtọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ ẹni tí mo ní lọ́kàn. Bí a bá ka gbólóhùn náà sókè bí a ṣe kọ ọ́, etí yóò mú un lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ètò mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ nínú wa lè rí lò fún Faransé.

Èkíní ni èyí tó wà nínú Word. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó ní Word kò ní láti wá a kiri. Ó ń rí àṣìkọ àti àwọn àṣìṣe gírámà tó wọ́pọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé àlàyé rẹ̀ kúrú: ó ń sọ ohun tí a ó fi rọ́pò ọ̀rọ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ìdí rẹ̀.

Èkejì ni Grammalecte, tí a máa ń fi kún LibreOffice. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, Faransé nìkan ni a sì ṣe Grammalecte fún. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ra mẹ́gà díẹ̀díẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà yóò nílò ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni LanguageTool, tí Daniel Naber bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì ní 2003. Ó mọ èdè tó lé ní 20. Faransé wà nínú wọn, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Èyí tí à ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwọ̀n: bí ìwé bá gùn, a ní láti gé e sí wẹ́wẹ́. Ó sì yẹ kí á mọ̀ pé, bí a ṣe ń lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀rọ̀ wa yóò lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn kó tó padà wá pẹ̀lú àtúnṣe. Iṣẹ́ àṣetiléwá lè lọ bẹ́ẹ̀. Oríkì ìdílé tàbí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀, kí á kọ́kọ́ bi àgbà ilé léèrè.

Ẹ̀kẹrin ni Antidote, tí ilé iṣẹ́ Druide ní Montréal kọ́kọ́ gbé jáde ní 1996. Owó ni wọ́n ń tà á, owó náà kì í sì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé atúmọ̀ èdè nínú, ó ní àlàyé òfin gírámà, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn mọ ìdí tí a fi ní ọ̀rọ̀ kan ṣì. Bí ẹgbẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ bá lè rà á sórí kọ̀ǹpútà kan ní ilé ìkàwé, mo fara mọ́ ọn. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó dá nìkan wà, LibreOffice pẹ̀lú Grammalecte ni mo yàn.

Àlàyé yìí ni mo fi ń wọn ètò ju ohunkóhun mìíràn lọ. A kì í gbé ètò àtúnkà wọ yàrá ìdánwò BAC. Bébà àti kálàmù ni. Ẹni tí ẹ̀rọ bá ń tún ìwé rẹ̀ ṣe láìsọ ìdí yóò wọ yàrá náà lọ́wọ́ òfìfo. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan sọ pé ká kúkú fòfin de ètò wọ̀nyí, pé wọ́n ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ. N kò gbà. Ọmọ tí kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé nílé rẹ̀, ta ni yóò bi ní aago mẹ́sàn-án alẹ́? Ẹ̀rọ tó ń ṣàlàyé sàn fún un ju òkùnkùn lọ. Àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà mí ni àwọn ètò tuntun tí ń tún odidi ìwé kọ. Ìwé tí wọ́n ń dá padà a máa dán, ṣùgbọ́n mo ti gba àròkọ bíi mẹ́fà láti ilé mẹ́fà, tí gbogbo wọn jọra bí ọmọ ìyá kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni tó yan ètò, kó fi gbólóhùn mẹ́ta dán an wò. Èkíní: « Les histoires que ma grand-mère m'a raconté. » Ṣé ó rí àṣìṣe rẹ̀, ṣé ó sì sọ ìdí? Èkejì: « Je ne sais pas ou il habite. » Ṣé ó mọ̀ pé « où » ló yẹ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ gidi ni « ou »? Ẹ̀kẹta, èyí tí kò ní àṣìṣe: « Ẹ̀fẹ̀ chante la nuit à Kétu. » Bí ó bá fa ìlà pupa sí i, ṣé ó gbà kí á fi ọ̀rọ̀ náà kún àtòjọ tiwa, tàbí ńṣe ló fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè? Ètò tó yege nínú méjì àkọ́kọ́, tí kò sì gba ìdánwò kẹta, kò tíì ṣe tán láti bá wa gbé.

Ìṣòro kan tún wà tó jẹ́ tiwa ní ìhà ìhín. Àkọtọ́ àwọn èdè orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ń kọ ɛ, ɔ, sh àti kp níbi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń kọ ẹ, ọ, ṣ àti p. Ohun tí ẹnì kan kọ tó tọ́ ní Sakété, àtòjọ tí a fi àkọtọ́ Nàìjíríà ṣe yóò fa ìlà sí i. Kódà nínú àkọtọ́ kan ṣoṣo, ọ̀nà tí à ń gbà tẹ ẹ́ lè ju ẹyọ kan lọ: ojú rí lẹ́tà kan náà, ẹ̀rọ rí nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé tiwa fúnra wa nígbà mìíràn, tí kọ̀ǹpútà sì ń sọ pé kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, mo dá àbá méjì fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní: kí á jọ kó àtòjọ ọ̀rọ̀ kan jọ, orúkọ ènìyàn, orúkọ ìlú, orúkọ ìjọsìn àti ti oúnjẹ wa, láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Tógò. LibreOffice máa ń tọ́jú irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì kan tí a lè fi ránṣẹ́ síra wa. Kí á sì fẹnu kò lórí àkọtọ́ kan kí á tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì: kí ìwé Yorùbá kankan má ṣe jáde lọ́wọ́ wa láìjẹ́ pé a ti kà á sókè fún ẹnì kejì. Fún Faransé, a lè yá ojú ẹ̀rọ lò. Fún Yorùbá, etí ara wa ni a ní.

Ọmọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún àròkọ náà kọ. Mo fi bí a ṣe ń fi ọ̀rọ̀ kún àtòjọ hàn án, ó tẹ Ẹ̀fẹ̀ sí i pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ìlà pupa sì kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó ka ìwé náà sókè fún kíláàsì. Nígbà tó dé ibi tí Ẹ̀fẹ̀ ti jáde lóru, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá a lé orin náà.