Orúkọ Tó Ti Sọ Òpin Ìtàn: Ìgbọ́kànsókè Nínú Ìbẹ̀rẹ̀ Sinimá, pẹ̀lú Ogun Jálumi Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

1. Ìfáárà

Ìbéèrè kan ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Bí ènìyàn bá fẹ́ ya sinimá amúnifòyà lórí ìtàn tí gbogbo ìlú ti mọ òpin rẹ̀, báwo ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sinimá náà tí ọkàn òǹwòran kò fi ní balẹ̀? Ìtàn tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ni ti Ogun Jálumi. Àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn ló bá àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin, àti àwọn Èkìtì òun Ìjẹ̀ṣà tó wà lẹ́yìn wọn, jà ní ìtòsí Ìkìrun ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá, ọdún 1878. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ló ṣáájú ogun Ìbàdàn. Ìbàdàn ṣẹ́gun. Nígbà tí àwọn ará Ìlọrin ń sá padà sílé, odò Ọ̀tìn dá wọn lọ́nà. Wọ́n já lù ú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá omi lọ. Ibẹ̀ ni ogun náà ti gba orúkọ.

Ẹni tó bá ti gbọ́ orúkọ ogun yìí ti gbọ́ òpin rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Kọ́lá Akínlàdé kọ, tó pe orúkọ rẹ̀ ní Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ìbéèrè ni orúkọ ìwé náà. A ní láti kà á tán kí a tó rí ìdáhùn. Jálumi kì í ṣe ìbéèrè. Ìdáhùn ni. Èyí ni ìṣòro tó wà níwájú ẹni tó bá fẹ́ fi ogun náà ṣe sinimá fún àwọn ará Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, níbi tí odò Ọ̀tìn gbé jẹ́ ohun tí wọ́n ń rí, tí wọ́n sì ń bọ.

Ohun tí a pè ní ìgbọ́kànsókè nínú iṣẹ́ yìí ni ipò tí òǹwòran máa ń wà nígbà tó bá ń retí ohun kan tó ń bẹ̀rù, tí kò sì sí bí ó ṣe lè dá a dúró. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé mímọ òpin ìtàn kì í pa ìgbọ́kànsókè. Ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò bí i.

2. Èrò kan tí a kò fara mọ́

Èrò kan wọ́pọ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, pé eré Yorùbá kò ní ìgbọ́kànsókè. Àwọn tó ní èrò yìí a máa tọ́ka sí eré oníṣe àwọn alárìnkiri. Wọ́n ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni orin ìbẹ̀rẹ̀ ti máa ń sọ ẹ̀kọ́ tí eré fẹ́ kọ́ni. Kí ni ó wá kù tí òǹwòran yóò máa retí? Nítorí èrò yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù lóde òní gbà pé fífi nǹkan pa mọ́ ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Wọn a fi ìbọn bẹ̀rẹ̀ fíìmù, ẹnìkan a ṣubú nínú òkùnkùn, a kò ní rí ojú ẹni tó yìnbọn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ ọ́ sójú àwòrán pé ohun tí a fẹ́ wò ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àyà òǹwòran á já lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjáyà ìṣẹ́jú kan ni. Kò mọ ẹni tó ṣubú, kò sì mọ ohun tí ikú rẹ̀ bà jẹ́.

Bí ó bá jẹ́ pé àìmọ̀ nìkan ló ń gbé ọkàn sókè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970. Ta ni kò mọ̀ pé Ìyálóde Ìbàdàn yìí kò fọwọ́ rọrí kú ní 1874? Síbẹ̀, a jókòó, a ń wò ó bí ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìṣẹ́ bá ara rẹ̀. Òun kò mọ̀, àwa mọ̀.

Karin Barber, nínú ìwé rẹ̀ lórí oríkì ní Òkukù, tó jáde ní 1991, ti ṣàlàyé pé oríkì kì í to ìtàn lẹ́sẹẹsẹ. Yóò kàn tọ́ka sí i, yóò sì kọjá lọ; ẹni tó bá mọ ìtàn tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni yóò gbọ́ ọ dójú àmì. Etí tó ti mọ́ irú nǹkan báyìí lára kì í ṣe etí tó nílò kí a fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún un. Ó ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, tí a sì ń dúró de odindi.

3. Ohun tí òǹwòran mọ̀, tí ẹ̀dá-ìtàn kò mọ̀

Alfred Hitchcock, aṣesinimá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àlàyé kan nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ òun àti François Truffaut, èyí tó di ìwé ní 1966. Ó ní bí àwọn ènìyàn bá jókòó ti tábìlì, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí, tí bọ́ǹbù kan sì ṣàdédé bú lábẹ́ tábìlì náà, ẹ̀rù á ba òǹwòran fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi bọ́ǹbù náà han òǹwòran tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ní láárí yẹn gan-an ni yóò di ìnira fún un. Yóò fẹ́ kígbe sí wọn pé kí wọ́n dìde. Orson Welles lo ọgbọ́n yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ Touch of Evil ní 1958: a rí ọwọ́ tó fi bọ́ǹbù sínú búùtù ọkọ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ayàwòrán tẹ̀ lé ọkọ̀ náà la àárín ìlú já fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta láìdánudúró.

Kò yẹ kí a rò pé òkèèrè ni ọgbọ́n yìí ti wá sọ́dọ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ṣaworoidẹ, sinimá tí Túndé Kèlání darí ní 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì kọ, májẹ̀mú ìlú Jogbo ni a kọ́kọ́ fi hàn wá: adé, ìlù, àti gbẹ́rẹ́ tí ọba gbọ́dọ̀ sín. Bí ẹni tí kò ṣe ètùtù náà bá dé adé, tí a sì lu Ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni Lápité kọ̀ láti sín gbẹ́rẹ́. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí a bá rí ìlù lójú àwòrán ni àyà wa ń já. Ìlù yẹn ni bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì. Bákan náà ni Kúnlé Afọláyan ṣe nínú Araromire ní 2009: kí a tó mọ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí ìtàn dá lé, a ti gbọ́ pé ọdún méje ire ni ère náà ń fúnni, àti pé ọdún méje ibi ló ń tẹ̀ lé e. Bí nǹkan bá ti ń dára fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwa ń ka ọdún.

Ohun tí àwọn ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí ní ní àjùmọ̀ní ni pé wọ́n fún òǹwòran ní ìmọ̀ ṣáájú ẹ̀dá-ìtàn. Ní ti Jálumi, ìtàn fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Odò wà níbẹ̀, orúkọ sì wà níbẹ̀. Ohun tó kù ni ètò.

4. Ètò ìbẹ̀rẹ̀ kan fún sinimá Jálumi

Àròsọ ni ìran mẹ́rin tí a fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀rí ìtàn. Gbogbo wọn kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé a kò fi ìjà kankan hàn.

Ìran kìíní: àfẹ̀mọ́júmọ́, létí odò Ọ̀tìn, lẹ́bàá Inísà. Apẹja kan fi ọ̀bẹ há ara igi ní ibi tí omi dé. Omi fà; òkúta inú odò hàn. Kò sọ̀rọ̀. Omi nìkan ni à ń gbọ́.

Ìran kejì: àwọn ará Òkukù ń sá bọ̀ wá sí Ìkìrun tàwọn ti ẹrù. A mọ̀ pé àwọn ará Òkukù wá forí pamọ́ sí Ìkìrun nígbà ogun Ìlọrin, nítorí náà ìran yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ń la odò kọjá. Ẹsẹ̀ ọmọdébìnrin kan yọ̀. Igbá orí rẹ̀ bọ́, omi gbé e, ó rá mọ́ ibi kọ́rọ́ odò. Apẹja na ọwọ́ mú ọmọ náà. Igbá kò padà wá. Ìwọ̀nba omi tó fà yìí náà ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìran kẹta: ọ̀sán gangan. Àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dé odò kan náà, wọ́n dojú kọ ọ̀nà Ìkìrun. Omi kò kọjá orúnkún ẹṣin. Wọ́n ń ṣe àwàdà. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn fa ẹṣin bọ́ sẹ́yìn, ó kí apẹja, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Apẹja bu omi odò fún un, ó mu, ó dúpẹ́, ó sáré tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kò bá wọn lọ. Ó dúró ti odò títí omi fi tòrò.

Ìran kẹrin: òjò. A kò rí nǹkan mìíràn ju igi yẹn lọ. Omi ń gòkè. Ó dé ibi tí apẹja há, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà yìí ni orúkọ sinimá yóò jáde: Jálumi.

Ìdí tí orúkọ fi kẹ́yìn ni pé ẹni tí kò gbọ́ ìtàn náà rí, irú ọmọ tí a bí sí Èkó tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, yóò ti rí ohun tí odò lè ṣe kí ó tó ka orúkọ. Ọmọ Ìkìrun ní tirẹ̀ ti mọ odò náà láti ìran kìíní. Àwọn méjèèjì yóò bá ara wọn pàdé níwájú igi yẹn. Àlọ ni a rí. Àbọ̀ ni à ń fòyà.

5. Ta ni a ń bẹ̀rù fún?

Ibí yìí ni a rò pé ọ̀ràn náà ti kọjá ọ̀ràn ọgbọ́n ìṣeré. Ènìyàn lè bi wá pé kí ni ọmọkùnrin Ìlọrin yẹn ń wá nínú sinimá tí a ṣe fún àwọn ará Ìkìrun. Ṣé kì í ṣe ìṣẹ́gun ni Jálumi jẹ́ fún wọn ni? Ìtàn àtẹnudẹ́nu Inísà tilẹ̀ sọ pé Ọ̀tìn jẹ́ obìnrin tó gba ìlú lọ́wọ́ ogun kí ó tó di odò. Lójú ẹni tó bá gba èyí gbọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni odò náà ṣe ní 1878.

A kò kọ èyí. Ṣùgbọ́n a kì í fòyà nítorí ẹni tí a kò mọ̀. Bí àwọn tí omi yóò gbé lọ bá jẹ́ èrò lásán, tí a kò mọ ojú ẹnìkan nínú wọn, a ó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá já lu omi, ìtàn á sì tán. Ìpàtẹ́wọ́ kì í ṣe ìgbọ́kànsókè. Ìgbọ́kànsókè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ Ìkìrun, tó mọ̀ pé ìṣẹ́gun baba ńlá rẹ̀ wà nínú odò yẹn, bá ń fẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọmọkùnrin kan lára ọ̀tá má gba ibẹ̀ padà. Kò sì ṣòro láti fẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọkùnrin náà fi èdè Yorùbá tọrọ omi.

Àtakò kan tó lágbára ni pé irú ìbẹ̀rẹ̀ báyìí falẹ̀, pé òǹwòran òde òní kò ní sùúrù. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò bá rí nǹkan kan tó kàn án nínú ìran kìíní lè dìde. Ìdí nìyí tí igbá fi gbọ́dọ̀ bọ́ sómi kí ìṣẹ́jú kejì tó parí. Kì í ṣe ìyára àwòrán ló ń mú òǹwòran jókòó. Ohun tí wọ́n ti fi sí i lọ́kàn tó ń retí ni.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àṣà kí a sọ ọ̀rọ̀ ṣáájú, èyí tí àwọn kan kà sí àbùkù eré Yorùbá, jẹ́ ohun èlò tó lè wúlò jù lọ fún sinimá amúnifòyà. Kì í ṣe gbogbo ìtàn ló yẹ fún un; ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bíi ti Akínlàdé kò lè ṣe kí ó má fi apànìyàn pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìtàn ìlú tí orúkọ wọn ti sọ òpin wọn pọ̀ nílẹ̀ wa, kò sì yẹ kí aṣesinimá sá fún wọn nítorí èyí.

Nígbà tí mo ń ṣètò iṣẹ́ yìí, mo sọ ìran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìyá àgbàlagbà kan ní Inísà, ẹni tó mọ ìtàn Jálumi ju bí mo ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó gbọ́ mi tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ọmọ tó mu omi yẹn ńkọ́? Ṣé odò gbé e lọ ni?” Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin náà mọ bí ogun náà ṣe parí.” Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, ọmọ náà ni àwọn ń bèèrè.