Èédú, Ẹfun àti Ọwọ́ Toyin Ojih Odutola

Bírò dúdú ni ayàwòrán Toyin Ojih Odutola fi kọ́kọ́ di ẹni tí ayé ń wo iṣẹ́ rẹ̀, irú bírò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kì í fi í kun ara ènìyàn ní dúdú pẹrẹsẹ. Ìlà ló ń fà, ìlà wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, títí awọ ara yóò fi dà bí irun tí onídìrí tó mọṣẹ́ ti pín sí ẹsẹẹsẹ. Ibi tí ìlà bá ti yí padà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti yọ. Ibi tó bá ti ṣù jọ ni iṣan ọrùn ti fà. Tí iná bá bọ́ sórí tàdáwà yẹn, á máa kọ mànà, tó fi jẹ́ pé dúdú kan náà ń yí ìrísí padà bí ẹni tó ń wò ó ṣe ń rìn kọjá. Bírò kò sì ní ìparẹ́. Ìlà tó bá ṣìnà, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1985, Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ígbò sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọdé ló wà nígbà tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ṣẹ́.

Nínú àwọn ìpàtẹ rẹ̀, èyí tí mo kà sí àgbà ni A Countervailing Theory, tó ṣí ní ilé àṣà Barbican ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Oṣù Kẹta ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ló dá a dúró. Gbọ̀ngàn Barbican tí wọ́n ti ṣe é, tí wọ́n ń pè ní The Curve, gùn tó nǹkan bí mítà 90, ó sì tẹ̀ kọrọdọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò lè rí òpin rẹ̀. Ayàwòrán náà lo títẹ̀ yẹn dáadáa. Àwòrán 40 ló tò tẹ̀ léra bí ìtàn, ẹsẹ̀ òǹwòran ló sì ń ṣí i ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, tí ohùn orin tí Peter Adjaye ṣe sì ń bá a lọ.

Ìtàn àtinúdá ni. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń jẹ́ Eshu ló ń ṣàkóso. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń jẹ́ Koba, ẹ̀dá tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ àṣekára, ló ń sìn wọ́n. Akanke, oríkì tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ki ìyá àgbà wa, ni orúkọ obìnrin tó wà láàárín ìtàn náà, Aldo sì ni Koba tó pàdé. Àwọn àpáta ìhà Jos ló fún un ní ilẹ̀ tí ìtàn náà ti wáyé.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ kí á wò. Lórí pépà funfun, ìmọ́lẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ayàwòrán tó dé, òkùnkùn nìkan ló kù tó máa fi kún un. Nínú A Countervailing Theory, òkùnkùn ló kọ́kọ́ wà, ìmọ́lẹ̀ ló kù láti fi ọwọ́ gbé wá, pẹ̀lú ẹfun, èédú àti igi àwọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní pastel. Nítorí náà ibi tí kò fọwọ́ kàn ṣe pàtàkì bí ibi tó fọwọ́ kàn. Èédú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ẹfun máa ń rí lẹ́búlẹ́bú, ó sì rọrùn láti bàjẹ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Pastel máa ń jókòó nípọn lórí ohun tí wọ́n bá fi kùn. Ẹni tó bá mọ ìwà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lè jẹ́ kí dúdú ara ènìyàn yàtọ̀ sí dúdú àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láì fi àwọ̀ míì pààlà. Ohun tó ṣe gan-an nìyẹn. Fún èmi, kò sí ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ ti hàn tó bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ bákan náà, ó pọ̀, ó sì ń tàn. Ní ìgbà ooru 2024, Kunsthalle Basel ní Switzerland pàtẹ Ilé Oriaku, tó fi orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ pè. Lọ́dún yẹn kan náà ó wà lára àwọn tó ṣojú Nàìjíríà níbi ìpàtẹ ọnà àgbáyé Venice Biennale. Ní ìgbà ooru 2025, ó gba ilé ìṣàfihàn ọnà Hamburger Bahnhof ní Berlin, ilé tó jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin láyé àtijọ́, ó sì fi ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ àtinúdá sínú rẹ̀: U22 – Adijatu Straße. Inú mi dùn sí i pé orúkọ obìnrin tí à ń pè ní ilé wa lójoojúmọ́ di orúkọ òpópónà ní ìlú àwọn ará Jámánì, bó tilẹ̀ jẹ́ nínú àwòrán.

Ẹni tó bá ráàyè dé ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà, kó má ṣe kánjú ya fọ́tò. Kó kọ́kọ́ dúró ní ọ̀ọ́kán, kó rí bí ènìyàn inú àwòrán ṣe jókòó tàbí bó ṣe dúró. Lẹ́yìn náà kó sún mọ́ ọn dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá gbà á láyè, kó wo ìka ọwọ́ àti èjìká, kó sì wá ibi tí ìlà kan ti parí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa pẹ́ kó tó rí i.