Kí Ni Ó Rí Lọ́bẹ̀? Àyẹ̀wò Orí Keje Ìwé Ìgbìmọ̀ Warren

Ọjọ́ tí àjànàkú bá wó ni à ń rí onírúurú ọ̀bẹ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ìbọn pa John F. Kennedy, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ tí ó ń gbé e la ìgboro ìlú Dallas kọjá. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí àwọn ọlọ́pàá fi mú Lee Harvey Oswald, ọmọkùnrin ẹni ọdún 24, nínú ilé sinimá kan. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di pé ara ọmọkùnrin yìí ni ayé ń gé jù: oníwèé ìròyìn mú ọ̀bẹ tirẹ̀ wá, oníṣègùn ọpọlọ mú tirẹ̀, olóṣèlú mú tirẹ̀, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ náà kò sì gbẹ́yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń bi í: kí ni ó rí lọ́bẹ̀ tí ó fi waaro ọwọ́?

Ìdáhùn tí ó níyì jù lọ ni èyí tí Ìgbìmọ̀ Warren tẹ̀ jáde. Ààrẹ Johnson ni ó gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, Earl Warren, olórí àwọn adájọ́ ilẹ̀ náà, ni ó sì ṣe alága rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀rí àwọn ènìyàn 552. Wọ́n fi ìwé olójú-ewé 888 jíṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, ìdìpọ̀ 26 tí ó kún fún ẹ̀rí sì tẹ̀lé e. Orí Keje ìwé náà, tí ó gùn tó nǹkan bí 50 ojú ewé, ni ó sọ ìtàn Oswald àti ohun tí ó lè jẹ́ ìdí ọ̀ràn rẹ̀. Orí yìí nìkan ni àyẹ̀wò yìí dá lé. Àríyànjiyàn nípa iye àwọn tí ó yìnbọn kò kan ọ̀rọ̀ níhìn-ín: ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan sọ ní 1979 pé ó jọ pé àwọn kan gbìmọ̀ pọ̀ ni, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì já ẹ̀rí ìró ìbọn tí wọ́n gbé e lé ní 1982. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wọn dé ibẹ̀ yóò rí ìwé kà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá rí yóò tètè mọ bí a ti hun Orí Keje. Kí apàlọ́ tó la ẹnu, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ẹ̀yìn ìjàpá rí págunpàgun. Iṣẹ́ apàlọ́ ni kí ó wá ọ̀nà tí ìtàn yóò gbà dé ibẹ̀. Bí ó bá sì dé ibẹ̀ tán, yóò ní ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ìjàpá fi rí bẹ́ẹ̀. Kò sí aburú kan nínú èyí fún àlọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé ìjàpá lọ sí ilé ẹjọ́. Orí Keje pẹ̀lú ti mọ òpin kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Oswald kú ní oṣù méjì kí a tó bí i ní New Orleans ní 1939. Ó sá ilé ẹ̀kọ́ ní New York. Ó wọ iṣẹ́ ọmọ ogun Marine ní 1956. Ó lọ sí Rọ́ṣíà ní 1959, wọ́n rán an lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Minsk, ó fẹ́ Marina níbẹ̀, ó sì mú un bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà ní 1962. Ní 1963 ó ń pín ìwé ìpolongo fún ìjọba Kúbà ní ìgboro New Orleans. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú fèrèsé àjà kẹfà, níbi tí ìbọn ti dún, ni àwọn òǹkọ̀wé dúró sí tí wọ́n fi ń wò wọ́n. Nítorí náà kò sí ọ̀kan tí kò ní òórùn ẹ̀tù lára.

Ibi tí àléébù yìí ti hàn jù ni ọ̀ràn ìwé oníṣègùn. Ní 1953, nígbà tí Oswald jẹ́ ọmọ ọdún 13, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ ní New York nítorí sísá tí ó ń sá ilé ẹ̀kọ́, oníṣègùn ọpọlọ sì yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ikú Ààrẹ, ìròyìn gbilẹ̀ pé àyẹ̀wò náà ti fi apànìyàn hàn lára ọmọ náà láti ìgbà náà. Ìgbìmọ̀ wá ìwé náà rí, wọ́n kà á, wọ́n sì kéde pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe yìí, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ wọn kò tíì bá àwọn oníròyìn wí tán tí àwọn fúnra wọn fi tún ṣí ìwé kan náà, tí wọ́n ṣa èyí tí ó wù wọ́n níbẹ̀: ọmọ tí ó ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ráyè fún. Bí Oswald bá ti di akọ̀wé báńkì, ta ni ìbá ṣí ìwé yẹn?

Ìgbìmọ̀ jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè sọ ní pàtó ohun tí ó tì í. Ọ̀rọ̀ tí ó dára jù nínú orí náà nìyí, ìbá sì ṣe wọ́n ní oore bí wọ́n bá dúró lórí rẹ̀. Wọ́n tún ka nǹkan márùn-ún kalẹ̀: ìkórìíra gbogbo ẹni tí ó wà nípò àṣẹ, àìlèbá ènìyàn ṣe pọ̀, ìfẹ́ láti di ẹni ìtàn, ọwọ́ tí ó yá sí ìwà ipá, àti ìgbàgbọ́ nínú ẹ̀kọ́ Marx. Mẹ́ta nínú márùn-ún yìí ń bẹ lára ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí wọn kò gbé ga lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, wọn kò sì yìnbọn lu ẹnikẹ́ni. Èyí tí ó wúwo nínú wọn ni ọ̀rọ̀ ìwà ipá, nítorí Marina jẹ́rìí pé ọkọ òun sọ fún òun pé òun ni òun yìnbọn sí Ọ̀gágun Edwin Walker ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1963. Ṣùgbọ́n Walker jẹ́ ọ̀tá paraku fún gbogbo ohun tí Oswald gbà gbọ́, nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí, tí Marina wà lára wọn, sọ pé kì í sọ̀rọ̀ Kennedy ní búburú. Ìdí tí ó bá ti gbé ìbọn lọ sí ilé Walker kò lè gbé e dé ọ̀dọ̀ Kennedy láìjẹ́ pé a bá a tì í lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, Marina tilẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ pé bóyá John Connally, gómìnà Texas tí ó jókòó níwájú Ààrẹ, ni ọkọ òun ń wá, nítorí ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ tí kò dára tí wọ́n fún un ní iṣẹ́ ogun. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyàwó tí ó bá a jẹ, tí ó bá a sùn, kò dá ẹni tí ó dojú ìbọn kọ lójú, àwọn tí kò rí i sójú rí sì ń ka ìdí márùn-ún.

Nínú òfin, ìdí kì í ṣe ẹ̀rí. Ilé ẹjọ́ lè dá ènìyàn lẹ́bi láìmọ ohun tí ó tì í. Ohun tí ó sọ Orí Keje di dandan ni pé ilé ẹjọ́ kò jókòó rárá. Nǹkan bí wákàtí 12 ni wọ́n fi bi Oswald léèrè ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sì sí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kò sí akọ̀wé tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí aráyé gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju pé òun kò pa ẹnikẹ́ni, pé wọ́n kàn fẹ́ di ẹrù náà lé òun lórí ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, Jack Ruby yìnbọn pa á ní àjà ilẹ̀ ilé àwọn ọlọ́pàá, lójú àwọn tí ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Níhìn-ín, ẹnìkan tí kò sọ̀rọ̀ gan-an ni ẹni tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Wọ́n sì tún ní ọjọ́ a bá kú là á dère. Ní ti Oswald, àlọ́ àpamọ̀ ni ó dà.

Síbẹ̀ ibì kan wà nínú orí náà tí ó lè mú òǹkàwé dákẹ́. Marina àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan ní Irving, Oswald sì ń gbé ní yàrá àyágbé ní Dallas. Ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń wá wò wọ́n, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó dé ní Ọjọ́bọ̀, láìsọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti jà. Ó bẹ Marina pé kí ó jẹ́ kí àwọn jọ máa gbé ní Dallas, pé òun yóò gba ilé. Marina kò dá a lóhùn bí ó ti fẹ́. Ó tún ṣèlérí pé òun yóò ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún un. Ní òwúrọ̀, kí Marina tó dìde, ó ti jáde. Ó fi 170 dọ́là sílẹ̀ nínú àpamọ́wọ́ kan, ó sì bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ sínú ife kékeré kan. Nígbà tí wọ́n mú un, 13 dọ́là àti sẹ́ńtì 87 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé kò fi àlàyé púpọ̀ kún èyí, ìdí sì nìyí tí ó fi lágbára. Bí Marina bá ti gbà ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè yìí bani lẹ́rù, ó sì ṣe àìdára sí obìnrin náà, nítorí ó fẹ́ di ikú Ààrẹ mọ́ ìbínú ìyàwó ilé kan. Àwọn tí ó ń wá ìdí kì í sábà wo ẹni tí ẹrù náà yóò bọ́ lé.

Àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀lé e ṣe tiwọn. Jean Stafford lọ jókòó ti ìyá Oswald, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní 1966; òun nìkan ni ó yí ojú kúrò lára ọmọ sára ẹni tí ó ṣẹ́kù láyé. Don DeLillo kọ ìtàn àròsọ rẹ̀, Libra, ní 1988, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun hùmọ̀ rẹ̀ ni, nítorí náà kò purọ́ mọ́ òkú tó bí Orí Keje ti ṣe. Norman Mailer rìn dé Minsk, ó ka ohun tí àwọn amí Rọ́ṣíà gbọ́ nínú ilé Oswald, ó sì tẹ Oswald's Tale jáde ní 1995. Mailer sọ òótọ́ kan tí ìgbìmọ̀ kò lè sọ: ohun tí ó ń da ayé láàmú ni pé ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan lè fi ìbọn tí ó fi 21 dọ́là àti sẹ́ńtì 45 rà pa alágbára jù lọ láyé. Ìdí tí ayé ń wá nílátí tóbi tó ikú náà. Mailer wá a títí, ó fẹ́ sọ Oswald di akọni kí ìwọ̀n náà lè dọ́gba. Ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ ti ṣubú sínú kòtò tí òun fúnra rẹ̀ ti fi hàn wá.

Marina, tí ó jẹ́rìí ní 1964 pé ọkọ òun ni ó ṣe é, ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1990, ó ní kò jẹ̀bi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, wọ́n ta òrùka inú ife náà ní gbàǹjo ní Boston. Owó tí wọ́n rí lórí rẹ̀ jẹ́ 108,000 dọ́là.