Akéwì àti Aṣẹ̀dá: Àkíyèsí lórí Orúkọ Ewì

Àṣà kan ti wọ kíláàsì wa. Kí olùkọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ewì, yóò kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ‘ohun tí a ṣẹ̀dá’ ni ewì, pé ‘aṣẹ̀dá’ sì ni akéwì. Èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe poiein, tí í ṣe ‘ṣe’ tàbí ‘dá’, ni poiesis ti jáde. Ẹni tí ó ṣe nǹkan ni poietes. Nínú Symposium tí Plato kọ, Diotima sọ pé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ ni poiesis, ṣùgbọ́n apá tí ó jẹ mọ́ orin àti ìwọ̀n nìkan ni àwọn ènìyàn wá ń fi orúkọ náà pè.

Ohun tí a kì í fi kún un ni pé orúkọ yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Nínú Odyssey, aoidos ni Homer pe Phemius àti Demodocus, ‘akọrin’ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó di nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù kí poietes tó wọ́pọ̀ fún akéwì. Ohùn ni àwọn Gíríìkì pàápàá fi bẹ̀rẹ̀.

Àwa ńkọ́? ‘Ké’ ni ó wà nínú akéwì. A ń sun ìjálá, a ń sun rárà, a ń kì oríkì, a ń pe ẹ̀sà, a ń pe ọfọ̀: ọ̀rọ̀-ìṣe ohùn ni gbogbo wọn.

Ẹnì kan lè bi wá pé, ọnà èdè ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ti agbẹ́gilére àti aláàdìrẹ ni ọnà, ó sì sún mọ́ techne àwọn Gíríìkì. Ọnà ń bẹ lára ewì bí ó ti ń bẹ létí ọpọ́n Ifá. Ṣùgbọ́n ọnà etí ọpọ́n kọ́ ni ọpọ́n.

Ibi tí ó ti kan àwa olùdánwò nìyí. Ìbéèrè wa lórí ewì a máa dá lé ọnà èdè ṣáá: ẹ tọ́ka sí àfiwé tààrà, ẹ tọ́ka sí ìfohùnpènìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba gbogbo máàkì láìgbọ́ ewì náà létí rí. Ní Igbaruku níhìn-ín, ọmọ tí ń fọ Yàgbà nílé a máa dákẹ́ bí a bá ń to ọnà èdè sójú pátákó. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó kì oríkì ilé wọn, ohùn rẹ̀ a yí padà, àwọn yòókù a sì mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti gbè é. Lórí ìwé máàkì, kò sí àyè fún èyí. Mo dábàá pé kí apá kan nínú máàkì ewì, ìbáà ṣe 5 péré nínú ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́, jẹ́ ti kíké.