Ta Ni Ó Ń Yẹ Ẹ̀rọ Wò? Lámèyítọ́ lórí Àyẹ̀wò Ìbẹ̀rẹ̀-dé-Òpin tí Ọgbọ́n Àtọwọ́dá Ń Kọ

Ìfáàrà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga jáde. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí fi ń pariwo pé máàkì tí àwọn rí kò bá ohun tí àwọn ṣe mu. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ń darí àjọ náà nígbà náà, jẹ́wọ́ níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá pé àṣìṣe ti wọ inú iṣẹ́ náà. Omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ kàn: 65 ní Èkó, 92 ní ìhà Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí ó tún ìdánwò náà ṣe.

Ohun tí ó fà á kò díjú. Àjọ náà ti yí ọ̀nà tí ó ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn rú padà, kí àwọn tí ó jókòó ti ara wọn má baà lè wo ìwé ara wọn. Àtúnṣe kóòdù tí yóò mú kí ìgbéléwọ̀n bá ètò tuntun yìí mu dé orí àwọn sáfà tí Kàdúná. Kò dé orí àwọn tí Èkó, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Kò sí ẹni tí ó kíyè sí i títí èsì fi jáde.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n àtọwọ́dá ni ó fa èyí. Ìdí tí ó fi yẹ ní mímẹ́nu bà ni pé ó fi ohun tí àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀-dé-òpin jẹ́ hàn kedere. Àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ni pé kí ènìyàn, tàbí ẹ̀rọ tí ó dúró fún ènìyàn, gba gbogbo ọ̀nà tí ẹni tí ó ń lo ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì yóò gbà: kí ó wọlé, kí ó yan ìdáhùn tí a ti mọ máàkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́, kí ó sì wò ó bóyá máàkì tí a ń retí ni yóò jáde. Ẹni tí ó bá yẹ apá kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lè má rí nǹkan kan. Ibi tí apá kan ti fa iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́ ni àbùkù wà.

Ẹ̀rí Ẹnìkan

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́ nídìí irú àyẹ̀wò yìí. Selenium bẹ̀rẹ̀ ní Chicago ní ọdún 2004. Microsoft gbé Playwright jáde ní 2020. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń jókòó kọ àyẹ̀wò náà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ó máa ń sú ni ni, ọ̀pọ̀ kì í sì í kọ ọ́ rárá. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n àtọwọ́dá ti rí àyè wọlé. Ní 2025, Playwright fi aṣojú mẹ́ta kún iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan a máa rìn káàkiri inú ètò, a sì ṣe ìlànà àyẹ̀wò. Èkejì a sọ ìlànà náà di kóòdù. Ẹ̀kẹta, tí wọ́n fún ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí oníwòsàn, a máa tún àyẹ̀wò tí ó bá kùnà ṣe títí yóò fi yege, tàbí kí ó fò ó bí ó bá gbà pé ètò gan-an ni ó bàjẹ́.

Àǹfààní èyí kò kéré. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ó ń ṣe ìkànnì fún ilé-ìwé kan ní Abẹ́òkúta, tí wọn kò lówó láti gba ẹni tí yóò máa yẹ iṣẹ́ wọn wò, lè rí ìrànlọ́wọ́ gidi gbà níbẹ̀. Àmọ́ níbo ni aṣojú náà ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó retí? Bí ẹnikẹ́ni kò bá fún un ní ìwé àlàyé, ara ètò tí ó ń yẹ̀ wò náà ni yóò ti kọ́ ọ. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ká ní wọ́n rán irú aṣojú bẹ́ẹ̀ sí sáfà tí kò gba àtúnṣe, ó ṣeé ṣe kí ó wọlé, kí ó yan ìdáhùn, kí ó rí máàkì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé máàkì tí ó yẹ kí ó jáde nìyẹn.

Ti oníwòsàn tún ni ó yẹ kí ó ba olùkọ́ lẹ́rù jù. Lóòótọ́, bọ́tìnnì tí wọ́n kàn ṣí nípò lè mú kí àyẹ̀wò kùnà, kò sì sí ẹni tí yóò bínú bí ẹ̀rọ bá tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí a ń retí ni ó yí padà kí àyẹ̀wò lè yege, kò yàtọ̀ sí olùkọ́ tí ó rí i pé ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ tako ìlànà ìmáàkì, tí ó wá fi gègé tún ìlànà náà kọ. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ tí ètò náà wà fún nìkan ni ó lè ya bọ́tìnnì tí ó ṣí nípò sọ́tọ̀ kúrò lára máàkì tí ó ṣì.

Ṣódẹkẹ́ níwájú Ẹ̀rọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan onímọ̀ èdè Yorùbá gan-an ni orúkọ. John Doe àti irú rẹ̀ ni ọgbọ́n àtọwọ́dá sábà máa ń fi dán fọ́ọ̀mù wò. Bẹ́ẹ̀, Ṣódẹkẹ́, tí ó ṣáájú Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ni orúkọ rẹ̀ yẹ fún iṣẹ́ yìí jù. Lẹ́tà mẹ́fà ni ojú ènìyàn rí. Nínú ìlànà Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, kò sí àmì kan ṣoṣo tí ó dúró fún ẹ olóhùn òkè. Ẹ dá dúró, àmì ohùn sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí a bá kó orúkọ yìí pọ̀ bí ó ti ṣeé kó pọ̀ tó, àmì 7 ni. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó di 11. Lójú, ọ̀kan náà ni. Lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́ láti mú méjèèjì bára mu, orúkọ ẹni méjì ni.

Ká gbà pé ọmọ kan fi fóònù forúkọ sílẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí ó sì lọ lo kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀ láti tẹ ìwé ìgbaniwọlé rẹ̀ jáde: ẹ̀rọ lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun tí wọn yóò gbà á nímọ̀ràn ni pé kí ó kọ Sodeke. Ṣó tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ orúkọ Ẹ̀gbá wá láti ara oṣó. Bí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá kúrò, ìtumọ̀ ti lọ, orúkọ inú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ yóò sì yàtọ̀ sí ti inú ìwé ìbí rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá ní 1859 nìyí o.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá lè kọ àyẹ̀wò fún Ṣódẹkẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan bí ẹnìkan bá sọ fún un. Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ a máa jẹ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe rán an. Olùkọ́ ni ó mọ àwọn orúkọ tí ó wà nínú rẹ́jísítà rẹ̀. Òun náà ni ó mọ ọmọ tí báǹkì yọ owó rẹ̀ tán kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó já, tí kò sì rí rìsíìtì gbà. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí lójú ìkànnì tí aṣojú ń rìn kiri, àfi kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó rán ẹ̀rọ níṣẹ́. Ní ti ìdánwò 2025, ìlà díẹ̀ ni ohun tí ó yẹ ní kíkọ ì bá gbà: akẹ́kọ̀ọ́ àfiṣàpẹẹrẹ kan, ìdáhùn rẹ̀, máàkì tí ó tọ́ sí i, kí a sì rán an sí sáfà Kàdúná àti ti Èkó kí ọmọ ẹnikẹ́ni tó jókòó.