Ojú Ayàwòrán

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ ni ayàwòrán fi ń yàwòrán. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ nìkan ni, gbogbo ẹni tí ó mọ ìwé kọ dáradára ìbá ti di ayàwòrán. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń kọ́ṣẹ́. Wo ọ̀ràn Àìná Ọnàbólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882.

Ní ìgbà èwe rẹ̀, kò sí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní irú àwòrán tí ó wù ú. Àwọn àwòrán inú ìwé Òyìnbó ni ó ń wò yà, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Nígbà tí ó di akọ̀wé ní Èkó, kò fi í sílẹ̀. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage. Kíyèsí ọdún náà: ó ku ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Òyìnbó kan ń sọ nígbà náà pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá agbára aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ ni Ọnàbólú fi dá wọn lóhùn.

Ó padà dé ní 1922, ó sì ń kọ́ni ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó. Bí ohun tí ó jìnnà ti ń rí lójú ni ẹ̀kọ́ tí kì í sú u, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Perspective.

Ìwọ tí o wà ní Ilé-Ogbó lè dán ẹ̀kọ́ náà wò. Dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìwó, níbi tí ó bá gbé gùn gbọọrọ tí ó sì tẹ́jú. Na àtàǹpàkò rẹ sí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti òkèèrè: yóò bò ó mọ́lẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́. Etí ọ̀nà méjèèjì, tí o mọ̀ dájú pé wọn kì í kan ara wọn, ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé. Ibi tí wọ́n ti pàdé kò ga ju ojú rẹ lọ; bí o bá lóṣòó, yóò bá ọ lóṣòó. Ọmọ tí kò tí ì kọ́ ìwò yóò ya oníkẹ̀kẹ́ náà tóbi bí ẹni tí ó dúró tì í, nítorí ó mọ̀ pé àgbàlagbà ni. Ohun tí ó mọ̀ ni ó yà, kì í ṣe ohun tí ó rí.

Wo ibi tí oòrùn ti ń bọ̀ pẹ̀lú, kí òjìji ilé má baà ṣubú sí ọ̀tún kí ti igi ṣubú sí òsì. Má sì kó gbogbo ohun ńlá sí apá kan ìwé. Àwòrán bẹ́ẹ̀ a máa tẹ̀ bí ẹrù tí a kò dì dáradára lórí ẹni tí ó rù ú.

Ohun kan wà tí èmi kò gbà lẹ́nu Ọnàbólú. Nínú ìwé kékeré tí ó tẹ̀ jáde ní 1920, kò ka iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa sí iṣẹ́ tí ó ní ìmọ̀ nínú tó. Ṣùgbọ́n wo ère ìbejì: orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀. Ṣé agbẹ́gilére kò rí orí ènìyàn rí ni? Ọlá orí ni ó fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí ó ti jìnnà sí. Ìwọ̀n ni ìyẹn náà.

Ọnàbólú ni ó rọ ìjọba láti mú olùkọ́ ọnà wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kenneth Murray sì dé ní 1927. Èyí a máa pa mí lẹ́rìn-ín: Òyìnbó ni ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wo ọnà àwọn baba wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú sì ni ó ń kọ́ wọn ní òfin àwòrán Òyìnbó. Ọmọ tí ó bá ráyè gbọ́ ti àwọn méjèèjì ni èmi ìbá ṣe ìlara rẹ̀.